Ọkọ̀ Àkọ́rà: Bí A Ṣe Ń Yan Tòkunbọ̀ Tó Ṣeé Gbára Lé, àti Ohun Tí Owó Ínṣọ́ránsì Rẹ̀ Ń Wò

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle yẹ ìwé ínṣọ́ránsì wò lójú pópó, láti ìgbà náà sì ni ìbéèrè kan kò ti kúrò lẹ́nu àwọn tó ń kówó jọ láti ra ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: èló gan-an ni ínṣọ́ránsì ọkọ̀ yóò gbà? Wọ́n gbọ́ pé ₦15,000 ni wọ́n ń san. Wọ́n tún gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò pé ₦300,000 ni òun san lórí ọkọ̀ tí kò ju tiwọn lọ. Àbúrò tó wà ní London sì ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n ra ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, kí owó ínṣọ́ránsì má baà pọ̀ jù. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú ń sọ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì dàrú mọ́ lójú.

Ní Nàìjíríà, iye tí ọkọ̀ tó lọ́jà ni owó ínṣọ́ránsì tó ń dáàbò bo ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ń wò. Nítorí náà, ọjọ́ tí èèyàn bá ti ń yan ọkọ̀ ni ó ti ń yan ínṣọ́ránsì rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wa kì í rántí ìwé yẹn títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ gba nọ́ńbà.

Kí ni ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń lò?

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ tí wọ́n ti lò ní òkè òkun kí ó tó gba orí omi wọ Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì gba nọ́ńbà Nàìjíríà sí. Àlòkù ilé, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní Nigerian used, ni èyí tí ẹnì kan ti fi jáde fún ọdún díẹ̀ níhìn-ín kí ó tó gbé e sọ́jà. Tòkunbọ̀ máa ń wọ́n jù, nítorí a gbà pé ojú ọ̀nà tí ó ti wá dára ju tiwa lọ. Èmi kò gbà pé òun ló sàn jù nígbà gbogbo. Àlòkù ilé tí ẹnì kan ṣoṣo lò fún ọdún mẹ́rin, tí ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, tí a sì lè bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀, sàn ju tòkunbọ̀ tí ó ti fara gbá lókè òkun, tí wọ́n wá kùn lọ́dà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ínṣọ́ránsì ni ìbánigbófò. Àwọn kan máa ń fi wé àjọ, wọ́n á ní ọdún mẹ́ta ni àwọn ti ń san án tí ohunkóhun kò ti ọwọ́ wọn jáde. Kì í ṣe àjọ. Àjọ máa ń kan gbogbo ẹni tó ń dá a. Ẹ fi ínṣọ́ránsì wé ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù ń fi owó díẹ̀ sínú àpótí lọ́dọọdún, tí ó jẹ́ pé ẹni tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí ni wọ́n ń ṣí àpótí fún. Ẹni tí ohunkóhun kò ṣe kò ní gba nǹkan kan, owó tí ó dá sì ti bá ẹlòmíràn tún ilé rẹ̀ kọ́.

Oríṣi rẹ̀ méjì ló gbajúmọ̀ jù. Èkíní ni third party, ìyẹn ti ẹni kẹta: ẹ̀yin ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò ni ẹni kejì, ẹni tí ọkọ̀ yín bá kọ lù ni ẹni kẹta. Èkejì ni comprehensive, tí ó ń san ti ẹni kẹta yẹn, tí ó sì tún ń san ti ọkọ̀ ẹ̀yin fúnra yín.

Irú ọkọ̀ wo ló yẹ ẹni tó ń ra ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́?

Ọkọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà, tí mẹkáníìkì àdúgbò yín sì lè tú láìpe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ọjà Aráròmí ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ ó rí i pé Toyota ló pọ̀ jù lórí pẹpẹ, Honda sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀yà tó bá pọ̀ lọ́jà kì í wọ́n, ọkọ̀ kì í sì í jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí ohun kékeré kan tí wọ́n ń dúró dè láti Dubai. Ìdí nìyẹn tí Corolla àti Camry fi gba ìlú kan, kì í ṣe pé wọ́n lẹ́wà ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ti ní oríkì tiwọn láàárín wa. Camry tí ó jáde láàárín 2002 sí 2006 ni Big Daddy, ti 2007 sí 2011 ni Muscle, Honda Accord tí ó jáde ní 2003 ni wọ́n sì sọ ní End of Discussion. Àmọ́ orúkọ kan náà kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá kan náà. Àwọn Muscle oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ti 2007 sí 2009 ní àléébù kan tí Toyota fúnra rẹ̀ gbà ní Amẹ́ríkà, tí ó sì fi kún ọdún tí yóò fi máa bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ́ńjìnnì wọn máa ń mu ọ́ìlì. Èyí kò sọ pé kí ẹ má rà á. Ohun tí ó sọ ni pé kí ẹ wọn ọ́ìlì rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì máa wọn ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹ bá ti rà á. Oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́fà lágbára jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo tí ó ń jẹ àti iye púlọ́ọ̀gì tí ẹ ó máa pààrọ̀ kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí jíà pẹ̀lú. Oríṣi kan wà tí à ń pè ní CVT, tí kò ní ìpele kìíní, ìkejì, ìkẹta bíi ti àtẹ̀yìnwá, tí ó kàn ń yí bẹ́líìtì kan láàárín àgbá méjì. Wọ́n gbé Nissan lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lórí irú jíà yìí nínú Altima ọdún 2013 sí 2016. Bí irú rẹ̀ bá bàjẹ́ níhìn-ín, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀, títún un ṣe sì lè gba owó ńlá. Ní tèmi, n kò ní ra irú rẹ̀ ní ọkọ̀ àkọ́rà.

Báwo ni a ṣe ń ka nọ́ńbà ṣáásí?

Nọ́ńbà ṣáásí, tí àwọn aṣọ́bodè ń pè ní VIN, ni orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, ẹ ó sì rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹ ó tún rí i lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí méjèèjì bára mu, kí wọ́n sì bá ti inú ìwé mu. Bí wọ́n bá ti ha ọ̀kan, tàbí tí wọ́n fi páálí mìíràn bò ó, ẹ kí oníṣòwò náà dáadáa kí ẹ máa lọ.

Èyí tó ṣáájú ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà, 2 ni Kánádà, J ni Japan. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, lẹ́yìn náà ni wọ́n bọ́ sí lẹ́tà, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012. Mo ti dúró níwájú Camry kan tí wọ́n ní 2010 ni, tí mo sì ka dé ipò kẹwàá tí mo bá 8 níbẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tà á kò jiyàn. Ó kàn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojú kan náà ni wọ́n,” ó sì yọ owó díẹ̀ kúrò.

Nọ́ńbà yìí tún ní ìwúlò mìíràn tó kan ínṣọ́ránsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ínṣọ́ránsì àwọn ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, bí ọkọ̀ bá ní jàǹbá tàbí tí omíyalé gbé e, tí owó àtúnṣe rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò máa ń san owó ọkọ̀ fún olówó rẹ̀, wọ́n á sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta á ní gbàǹjo, irú bíi Copart. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àkọsílẹ̀ èyí sábà máa ń wà ní Amẹ́ríkà lábẹ́ nọ́ńbà ṣáásí náà, Carfax àti irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì ń gba owó láti fi hàn yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbàǹjo nìkan kò sọ ọkọ̀ di òkú o. Àwọn mìíràn wà tí kò ju bọ́ńpà àti iná iwájú lọ. Kí ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ń rà, kí owó rẹ̀ sì fi hàn pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Kí ni a ó wò lára ọkọ̀ fúnra rẹ̀?

Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó má ṣe ṣíná sí i títí ẹ ó fi dé. Mo kọ́ èyí lọ́nà líle. Nígbà tí mo lọ ra ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ti ṣíná sí i, olówó rẹ̀ sì ní òun kàn fẹ́ kí ó gbóná díẹ̀ kí n má baà dúró pẹ́. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí ó dé ilé mi, nínú ọyẹ́, èéfín funfun gba gbogbo àgbàlá kan, aládùúgbò mi sì jáde wá béèrè bóyá iná ló ń jó. Gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló ti jó. Omi ti ń wọ ibi tí epo ti ń jó. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná máa ń fi irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pamọ́. Láti ìgbà náà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ni mo kọ́kọ́ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kàn, kí n tó kí ènìyàn tán.

Bí ó bá tutù, kí wọ́n ṣíná, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn. Èéfín funfun díẹ̀ tí ó parẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan kì í ṣe nǹkan. Èyí tí kò lọ ni omi. Èéfín aláwọ̀ búlúù ni ọ́ìlì tó ń jó, dúdú ni epo tó pọ̀ jù. Kí wọ́n pa á, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí: bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi àti ọ́ìlì ti pàdé nínú rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni iná orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná yóò ti tàn láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì gbéra. Iná tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn nígbà náà, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá gbéra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù kí ó tàn. Èyí tí kò tàn rárá ni kí ẹ bẹ̀rù jù, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ mú mẹkáníìkì tàbí ríwáyà tí ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àìsàn ọkọ̀ dání. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ni ó ní ojú ihò tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yìí bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí mẹkáníìkì náà jẹ́ tiyín, kí ó má ṣe jẹ́ èyí tí oníṣòwò bá yín pè láti òdìkejì títì.

Ti omíyalé ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí ẹni tó fọ ọkọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan tí kì í sábà tannijẹ ni bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ fà á, kì í ṣe dé ibi tí ẹ máa ń so ó dé, ṣùgbọ́n títí tí yóò fi tán pátápátá. Mo rí i tí mẹkáníìkì mi ṣe bẹ́ẹ̀ lára Corolla kan tí inú rẹ̀ ń rùn lọ́fínńdà: bí ẹsẹ̀ bàtà méjì tó gbẹ̀yìn ti jáde, ó ní ìlà amọ̀ gbígbẹ kan tó ṣe tààrà bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, ẹrẹ̀ lẹ́bú sì kù sí i lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kí bẹ́líìtì náà yí padà wọlé.

Ti jíà kò gbà yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: ẹ tẹ búréèkì, ẹ gbé e láti P sí R, sí D; bí ó bá ronú kí ó tó wọlé, tàbí tí ó ta yín nípàá, owó ńlá ń bẹ níwájú. Ẹ wo ara táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí: òǹkà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tí ojú rẹ̀ ṣì dán lè ti gbó láti inú wá. Àti pé máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà: 120,000 níbẹ̀ jẹ́ bíi 193,000 kìlómítà.

Owó mélòó ni ínṣọ́ránsì yóò gbà?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, NAICOM, àjọ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánigbófò ní Nàìjíríà, gbé owó third party fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni kúrò ní ₦5,000 sí ₦15,000 lọ́dún. Iye kan náà ni, ìbáà ṣe Corolla tí ó ti dàgbà tàbí jíìpù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ọkọ̀ yín bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, ilé-iṣẹ́ yóò san tó ₦3,000,000 fún un. Ìpalára àti ikú ẹni kẹta náà wà nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò sí nínú rẹ̀ fún ọkọ̀ tiyín. Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí oní third party yóò gbé bọ́ńpà rẹ̀ tó fọ́ lọ sí ọ́fíìsì wọn tí yóò sì bínú padà. Third party yìí ni òfin fi dandan lé, òun sì ni ọlọ́pàá ń béèrè.

Comprehensive kò ní iye kan pàtó. Nínú ìlànà 2023 yẹn, kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ọkọ̀ tó. Ká ní ọkọ̀ yín tó ₦6,000,000: ₦300,000 lọ́dún nìyẹn. Ká ní ₦4,000,000 ni: ₦200,000. Ẹ rí i nísinsìnyí pé aládùúgbò tó san ₦300,000 àti ẹni tó san ₦15,000 lè máa wa irú ọkọ̀ kan náà gan-an. Ohun tí wọ́n rà ló yàtọ̀. Ẹ má sì sọ pé ọkọ̀ ₦4,000,000 tó ₦8,000,000 nítorí àtirí owó gbà lọ́jọ́ jàǹbá. Ẹ ó san owó ₦8,000,000, ṣùgbọ́n iye tí ọkọ̀ tó lọ́jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n máa ń wò láti san.

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò wọ́n púpọ̀, tí ó sì lè ra bọ́ńpà fúnra rẹ̀, third party tó o, kí ó kó ìyókù owó náà pamọ́ fún àtúnṣe. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé gbogbo owó tí ẹ ní láyé ni ẹ fi ra á, tí ẹ kò sì ní lè ra òmíràn bí olè bá gbé e, comprehensive ni, bí ó tilẹ̀ dùn wá láti san. Oríṣi kan tún wà láàárín méjèèjì tí ó ń kó iná àti olè mọ́ third party, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀ àfi bí ẹ bá béèrè. Ohun méjì ni kí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí comprehensive: èló ni ẹ̀yin fúnra yín yóò kọ́kọ́ san nínú àtúnṣe kí wọ́n tó san ìyókù, àti ṣé omíyalé wà nínú rẹ̀. Ará Lẹ́kì kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìkejì yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í sì í gba ọkọ̀ tó bá ti dàgbà jù wọlé fún comprehensive, nítorí náà ẹ fóònù wọn kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ má dúró di ẹ̀yìn.

Kí ló dé tí ìmọ̀ràn ará London kò fi bá tiwa mu?

Nítorí pé awakọ̀ àti irú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń dá lówó lé níbẹ̀. Ní Britain, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pín ọkọ̀ sí ìpele 1 sí 50, tí owó èyí tó wà ní ìpele kékeré sì máa ń dín. Ọjọ́ orí awakọ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ àti jàǹbá tí ó ti ní rí ni wọ́n máa ń pa pọ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 18 ní Peckham, ní London, lè san owó ínṣọ́ránsì ọdún kan tó sún mọ́ iye tí ó fi ra ọkọ̀ náà. Fún un, ẹ́ńjìnnì kékeré ṣe pàtàkì. Níhìn-ín, ẹ́ńjìnnì kékeré yóò dín owó epo kù, èyí náà dára, ṣùgbọ́n third party ₦15,000 ṣì ni.

Báwo ni a ṣe ń mọ ìwé tí kì í ṣe ayédèrú?

Ẹni tó bá pe yín lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ pé òun yóò ṣe gbogbo rẹ̀ fún yín ní wàràwàrà lè máa ta páálí lásán. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò Nàìjíríà ní àkójọ kan tí wọ́n ń pè ní NIID. Ẹ wọ askniid.org, ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, ohun tó wà lórí rẹ̀ yóò jáde. Ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá náà lè wò. Òfin kò gba àwìn pẹ̀lú: bí owó kò bá tíì wọ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ààbò kò tíì bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kí aṣojú wọn ti kọ fún yín.

Ìwé wo ni kí a gbà lọ́wọ́ ẹni tó tà á?

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ìwé owó ibodè. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé, nítorí náà ọkọ̀ tí wọ́n fi fáyáwọ́ gbé láti Kùtọnu lè di ti aṣọ́bodè lójú títì, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àlòkù ilé, ìwé tí ó fi hàn pé òun ló ni í, ìwé nọ́ńbà, rìsíìtì, àti ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ yí orúkọ rẹ̀ padà sí tiyín. Ínṣọ́ránsì tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn tí ó bá ọkọ̀ wá: òun àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn yẹn.

Nígbà tí mo ra ọkọ̀ mi kejì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníṣòwò náà fún bí wákàtí kan lẹ́yìn tí mo ti sanwó ọkọ̀, mo sanwó ínṣọ́ránsì láti orí fóònù mi, mo sì ń tẹ nọ́ńbà náà sí NIID léraléra. Ó bi mí pé kí ni mo tún ń dúró dè. Ìgbà tí orúkọ mi jáde ni mo tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.